Olómi-òjò: ṣé oró ni àbí oògùn ọkàn?

Igi òdòdó kan wà tó pọ̀ létí ọgbà ilé ní Jericho, Bódìjà, Oníreke àti nínú ọgbà ilé-ìwé káàkiri Ìbàdàn. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn, ó sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó rí bí agogo. Olómi-òjò ni Yorùbá ń pè é, àmọ́ ọ̀pọ̀ onílé ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lórúkọ. Òdòdó lásán ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Thevetia peruviana. Bí ẹ bá rí Cascabela thevetia níbìkan, igi kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora ni wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀. Ẹnìkan á ní, “Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn o, ó ń pa ni.” Ẹlòmíràn á ní, “Irú igi yẹn ni wọ́n fi ń ṣe oògùn ọkàn.” Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni kẹta tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ló ṣìnà: ẹni tó ní bí a bá se díẹ̀ nínú ewé rẹ̀, díẹ̀ ò ní pa ni, á sì tọ́jú ọkàn. Àlàyé ìdí tí “díẹ̀” yẹn kò fi ṣeé wọ̀n nínú ìkòkò ni èyí.

Ẹ kọ́kọ́ dá igi náà mọ̀

Igi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀. Olómi-òjò fúnra rẹ̀ máa ń ga ju ènìyàn lọ bí a kò bá gé e. Gígùn ewé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ìbú rẹ̀ kì í sì í ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ dáadáa. Ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró lára ẹ̀ka, wọn kì í pa méjì pọ̀ lójú kan. Èso rẹ̀ ni kò ṣeé ṣì mú: ó ní igun, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí kò tíì gbó, ó sì máa ń dúdú tó bá pọ́n. Kóró líle kan wà láàárín rẹ̀, inú kóró yìí ni hóró méjì sí mẹ́rin ń gbé. Bí òdòdó rẹ̀ bá jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, olómi-òjò náà ni, oró rẹ̀ ò sì dín.

Èkejì ni Nerium oleander. Ewé òun náà gùn, ṣùgbọ́n mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yọ lójú kan, òdòdó rẹ̀ máa ń jẹ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, pupa tàbí funfun, èso rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹ̀wà. Oró inú rẹ̀ àti ti olómi-òjò jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹ̀kẹta ni Allamanda, tí òdòdó rẹ̀ náà ní àwọ̀ ìyeyè, òun sì ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ewé Allamanda fẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n máa ń dúró pọ̀ yí ẹ̀ka ká, igi náà fẹ́ràn kó fara ti nǹkan, èso rẹ̀ sì rí roboto pẹ̀lú ẹ̀gún. Allamanda máa ń mú ènìyàn yàgbẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe oró ọkàn bí ti àwọn méjì yòókù.

Ẹ gé ẹ̀ka èyíkéyìí nínú wọn, oje funfun á jáde. Àmì ẹbí ni. Inú ẹbí yìí kan náà ni asofẹ́yẹjẹ wà, àti ahùn, àti ìrẹ́ tí wọ́n ti ń gba rọ́bà. Nítorí náà, “oje rẹ̀ funfun” kò tó láti fi mọ igi. Bí iyèméjì bá wà, ibùsọ̀ kò jìn ní Ìbàdàn: àkójọ ewéko gbígbẹ ti Forestry Research Institute wà ní Jericho, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko ní Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní tirẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé, òdòdó àti èso, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé e lọ. Fọ́tò òdòdó nìkan kì í tó wọn.

Kí ni oró náà ń ṣe?

Gbogbo ara igi náà ló ní oró: gbòǹgbò, èèpo, ewé, òdòdó, oje. Inú hóró èso ni ó ti pọ̀ jù. Orúkọ díẹ̀ nínú àwọn oró ọ̀hún ni thevetin, neriifolin àti peruvoside. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, iṣẹ́ náà ni ó sì sọ wọ́n di oró àti oògùn pọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì inú ọkàn wa ní ohun kan tó dà bí ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga. Ó ń lé sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) mẹ́ta síta, ó ń fa potásíọ̀mù, èròjà mìíràn tó jọ ọ́, méjì wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò sinmi tọ̀sán-tòru. Oró olómi-òjò máa ń há sí ẹ̀rọ yìí lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ bá há díẹ̀, sódíọ̀mù á pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn á mú kí kálísíọ̀mù náà kó jọ síbẹ̀, kálísíọ̀mù ló sì ń mú kí iṣan ọkàn fún pọ̀. Ọkàn tó ti rẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, á wá máa fún pọ̀ pẹ̀lú agbára. Oògùn nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ náà bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Àṣẹ tó yẹ kó ti òkè ọkàn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa já lójú ọ̀nà. Ọkàn á máa lù lọ́ra, á sì máa fo ìlù, nígbà mìíràn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìti ẹ̀jẹ̀ kankan. Potásíọ̀mù tó yẹ kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì á kù sínú ẹ̀jẹ̀, òun náà á sì tún máa pa ìlù ọkàn rẹ́. Ààyè tó wà láàárín “díẹ̀” àti “ju bẹ́ẹ̀ lọ” kéré púpọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Oògùn ọkàn wo ni wọ́n ń sọ?

Oògùn tí àwọn dókítà ń fún ènìyàn lónìí ni digoxin. Kì í ṣe ara olómi-òjò ni wọ́n ti ń rí i. Ara òdòdó ilẹ̀ Yúróòpù kan tó ń jẹ́ Digitalis ni, òdòdó ilẹ̀ tútù tí ẹ ò ní bá létí ọgbà Bódìjà. Dókítà William Withering ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1785. Ó ti ń fi ewé náà tọ́jú àwọn tí ara wọn wú fún bí ọdún mẹ́wàá kó tó kọ ọ́, apá tó pọ̀ nínú ìwé náà sì dá lórí ìwọ̀n: ìgbà tí ó yẹ kí a dá oògùn dúró, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbà á jù. Ní 1930 ni wọ́n yọ digoxin fúnra rẹ̀ jáde lára ọ̀kan nínú àwọn ìbátan òdòdó náà, Digitalis lanata, láti ìgbà yẹn ni ó sì ti ṣeé ṣe láti fi òṣùwọ̀n tó péye sínú hóró oògùn.

Irú oró yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Áfíríkà pàápàá. Igi Strophanthus tí àwọn ọdẹ ń fi oró rẹ̀ kun ọfà ní oró tó ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó rí ohun tí ọfà yẹn ń ṣe, wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ ọkàn lára rẹ̀. Olómi-òjò náà ti gba ọ̀nà yẹn rí: àwọn dókítà ní Jámánì àti Íńdíà fi peruvoside tí wọ́n yọ lára hóró rẹ̀ tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Nítorí náà, ẹni tó ní “oògùn ọkàn wà nínú rẹ̀” kò purọ́. Ohun tí kò sọ ni pé peruvoside tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n wọ̀n, yàtọ̀ pátápátá sí ìkúnwọ́ ewé.

Ẹ wo bí ìwọ̀n náà ṣe kéré tó. Hóró digoxin tó wọ́pọ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 125 tàbí 250. Hóró parasitamọ́ọ̀ kan tí ẹ rà ní kẹ́mísìtì jẹ́ mílígíráàmù 500, ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù ló sì wà nínú mílígíráàmù kan. Bí a bá ní kí a fi digoxin kún ìwọ̀n parasitamọ́ọ̀ kan ṣoṣo, yóò pín sí ọ̀nà 4,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 125. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀, ibi tí dókítà ń fẹ́ kó wà ni nánógíráàmù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù) 0.5 sí 0.9 nínú mílílítà kan. Tó bá ti kọjá 2, ewu ti dé. Ara sì ń pẹ́ kó tó lé e jáde: nǹkan bí ọjọ́ kan àtààbọ̀ sí méjì ni ìdajì rẹ̀ fi ń jáde, kíndìnrín ló sì ń ṣe é. Bí kíndìnrín bá ti ń ṣàìsàn, tàná á bá tòní níbẹ̀, tòní á bá tọ̀la.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo digoxin wò, tí wọ́n sì ń yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ló wọn oògùn rẹ̀.

Ibi tí àgbo ti ń ṣubú

Kì í ṣe pé àgbo kò dára. Asofẹ́yẹjẹ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn baba wa ti ń fi tọ́jú wèrè tipẹ́, reserpine tó wà nínú rẹ̀ sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọpọlọ káyé lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ lára ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà ní 1952. Ìmọ̀ ewé wà. Ìṣòro olómi-òjò ni pé ó jẹ́ oró tí kì í gba àṣìṣe. Oògùn ewé tó pọ̀ jù lè mú ènìyàn yàgbẹ́ lóru kan kó sì tán síbẹ̀. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ronú ohun tí ẹni tó ń se é kò lè mọ̀. Oró inú ewé igi tó wà ní ìta yàtọ̀ sí ti igi aládùúgbò. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ yàtọ̀ sí ewé tó gbó. Èèpo yàtọ̀ sí ewé, hóró sì ju gbogbo wọn lọ. Agolo mílíìkì kan tó kún fún ewé tútù kò jọ agolo kan tó kún fún ewé gbígbẹ tí a rún. Ìyá elewé ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì ní Bódè tàbí Ọjà Ọba kò ní ojú tí yóò fi rí máíkírógíráàmù, kò sì sẹ́ni tó ní in.

Wọ́n tún máa ń sọ pé sísè ń pa oró. Oró inú oúnjẹ bíi ti ẹ̀gẹ́, tí a ń fi rírẹ àti yíyan lé jáde, ló mú kí àwọn ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n oró olómi-òjò kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Omi gbígbóná kò pa á, sísá lóòrùn kò pa á, ewé gbígbẹ ṣì ní in. Ewé tí ẹ sè tí ẹ sì da omi rẹ̀ nù, ẹ̀yin ò mọ èyí tó kù.

Oríṣiríṣi ilẹ̀ tí igi náà ń hù ni wọ́n ti lo èèpo rẹ̀ tó korò fún ibà, tí wọ́n sì ti lo ewé rẹ̀ láti mú ènìyàn bì tàbí kó yàgbẹ́. Ẹ kíyè sí i: èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni àmì àkọ́kọ́ pé oró náà ti wọ ara. Ohun tí wọ́n pè ní “ó ń fọ inú mọ́” ni ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi oje rẹ̀ sí ehín tó ń dùn tàbí sí egbò. Oje náà máa ń ta lára, ó ń jó ẹnu, ó sì ń gba ojú egbò wọlé. Fún ibà, àwọn oògùn tó dára ju èyí lọ wà ní gbogbo kẹ́mísìtì.

Ẹni tó wà nínú ewu jù kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le. Àgbàlagbà tó ti ń lo digoxin, tí ẹnìkan wá fún ní àgbo láti “ràn án lọ́wọ́”, ti gba oró kan náà lọ́nà méjì. Bákan náà ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, bíi furosemide. Oògùn yẹn máa ń kó potásíọ̀mù jáde pẹ̀lú ìtọ̀, bí potásíọ̀mù bá sì ti kéré lára, oró náà á túbọ̀ rí ẹ̀rọ ọkàn dì mú. Bí ẹ bá ń gba oògùn kan ní kílíníìkì, tí ẹ sì ń mu àgbo kan, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìfi pamọ́. Kì í ṣe ẹ̀sùn.

Nerium náà ti ní tirẹ̀: ní 2020, wọ́n gbé oleandrin tó wà nínú rẹ̀ kiri ní Amẹ́ríkà bí ìwòsàn àrùn kòrónà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ kò gbà kí wọ́n tà á.

Bí ẹnìkan bá jẹ ẹ́

Ọmọdé ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí èso tó rẹwà àti kóró tó ṣeé fi ṣeré. Ẹnu á kọ́kọ́ máa jó tàbí kó kú. Lẹ́yìn náà ni èébì, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì, àárẹ̀. Ọkàn lè máa lù lọ́ra, tàbí kó máa fo ìlù.

Èyí tó ń tan àwọn òbí jẹ ni pé ọmọ lè bì tán kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí wọ́n ní ó ti kúrò. Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà tirẹ̀ ní wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, àwọn dókítà máa ń fẹ́ ṣọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 24, pẹ̀lú ECG, ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, lára rẹ̀, kódà bí ó bá ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi ìka yọ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ẹnu náà. Ẹ má fún un ní epo pupa. Epo kì í pa oró yìí, bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì àti ẹyin tútù kì í pa á. Ẹni tó ń bì lè fa epo sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó wá di àìsàn méjì. Ẹ má fi ìka mú un bì. Ẹ wo aago kí ẹ rántí ìgbà tó jẹ ẹ́, ẹ já ẹ̀ka kan pẹ̀lú èso rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbéra. Ilé ìwòsàn tó ní ECG, tó sì lè yẹ potásíọ̀mù wò, ni kí ẹ forí lé: UCH, Adéọ̀yọ́, tàbí èyí tó súnmọ́ jù tó ní wọn. Ẹ má dúró de àmì.

Níbẹ̀, wọ́n lè fún un ní èédú ìwòsàn láti gbá oró tó ṣì wà nínú ìfun. Srí Láńkà, níbi tí irú oró yìí ti wọ́pọ̀ gan-an, ni wọ́n ti dán an wò jù, àbájáde rẹ̀ sì yàtọ̀ síra: ìwádìí kan ní 2003 rí àǹfààní nínú kí a máa fún un léraléra, èyí tó tóbi jù ní 2008 kò rí i. Bí ọkàn bá ń lọ́ra, atropine, oògùn tó ń mú un yára, wà, ẹ̀rọ tí ń ti ọkàn lù náà wà. Aporó gidi ni àwọn sójà ara tí wọ́n ṣe láti dojú kọ digoxin. Ìwádìí kan ní Srí Láńkà ní 2000 fi hàn pé wọ́n ń mú oró olómi-òjò náà. Ó wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láyé ni kò sì ní in. Nítorí rẹ̀ ni wákàtí tí ẹ bá fi débẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ rò pé wọ́n ní lọ.

Gígé e, àti ohun tí a lè gbìn dípò rẹ̀

Kì í ṣe dandan kí ẹ fà á tu. Fífi ọwọ́ kan ewé rẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ọmọ wẹ́wẹ́ nílé, kí a máa ká èso rẹ̀ kó tó dúdú ti tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ apá gígùn tí ẹ bá ń gé e, kí ẹ fọ àdá lẹ́yìn náà. Bí oje bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 láìdúró, kí ẹ tó máa wá ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn gádínà máa ń ṣe jù ni pé wọ́n á kó ẹ̀ka tí wọ́n gé sí ẹ̀bá títì, ibi tí ewúrẹ́ àdúgbò ń jẹ kiri. Ewé tó ti rọ máa ń rọrùn fún ẹran láti jẹ ju tútù lọ, oró rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ dè é lẹ́nu. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fi ẹ̀ka rẹ̀ gún ẹran tí ẹ fẹ́ yan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé pákò lára rẹ̀, nítorí ẹ̀ka tín-ín-rín tó tọ́ dáadáa ni, ó sì ń wu ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò pátápátá gbọ́dọ̀ wú gbòǹgbò, torí kùkùté rẹ̀ máa ń hù padà.

Hóró rẹ̀ ní òróró tó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà sì ti fi ṣe epo ọkọ̀ àti ọ̀dà. Kì í ṣe òróró jíjẹ.

Ilé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ixora pupa tàbí hibiscus ni kí ẹ gbìn. Méjèèjì kì í ṣe oró, wọ́n ń ta òdòdó dáadáa, oòrùn Ìbàdàn kò sì ní pa wọ́n. Ẹ fi bí ìdajì mítà sáàárín igi ixora kan sí èkejì, kí ẹ gbìn wọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ déédéé, kí ẹ máa bomi rin wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á lè gbé ara wọn.